Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Lọ Tún Ọ̀rọ̀ Ṣe ní Ilé Tẹlifíṣàn

"Ẹ wò ó! Ẹ wo ọwọ́ Ìyá!"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Mo ti fò dìde lórí ẹní, mo ti fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣàn, níbi tí ọwọ́ ìyá tó bí màmá mi ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí amọ̀. Ẹnì kan fa ẹ̀wù mi sẹ́yìn kí n má baà dí wọn lójú. Pálọ̀ wa kún fọ́fọ́. Àwọn obìnrin agboolé jókòó sílẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sí ẹsẹ̀ wọn, àwọn tí kò ráyè wọlé sì ń na ọrùn lójú fèrèsé. Òórùn ẹ̀pà sísun wà nínú yàrá náà, òórùn tùràrí tí màmá mi fín wà níbẹ̀, àti òórùn amọ̀ tútù tí kì í kúrò lára Ìyá bó ti wù kó wẹ̀ tó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alaasari tán ni.

Ìyá fúnra rẹ̀ jókòó síwájú gbogbo wa lórí àga tó ní tìmùtìmù. Aṣọ tó fi ń ṣọdún Iléyá ló wọ̀, ó sì fi ìborùn funfun bo orí. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣàn bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tí wọ́n ní kó bá àwọn ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ètò náà ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò bá a. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan wà nílùú wa, ní Ìlọrin níbí, tó ń ṣe ètò kan ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kì í ṣe eré oníṣe. Àwọn ènìyàn gidi ni wọ́n ń fi hàn lẹ́nu iṣẹ́ wọn: lọ́sẹ̀ yìí àwọn apẹja etí Odò Ọya, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí, lẹ́yìn náà àwọn ahunṣọ. Ohùn ọkùnrin kan á máa ṣàlàyé láti ẹ̀yìn àwòrán, ohùn tó rọra ń lọ, tó dùn ún gbọ́ bí ohùn alífáà tó ń ṣe wàásù níbi tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. A kì í rí ojú ẹni tó ni ohùn náà, àmọ́ kò sí ọmọ iléèwé ní Ìlọrin tí kò lè sín in jẹ. Tí ènìyàn méjì bá ń jiyàn, tí ọ̀kan bá ti ní "wọ́n sọ ọ́ nínú ètò ọjọ́ Sátidé," iyàn parí nìyẹn.

Ìyá wa ló wá kàn yìí!

Amọ̀kòkò ni Ìyá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú amọ̀ lẹ́yìn ilé, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, tí ó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń yí i ká. Tí oòrùn bá ti yọ, á tẹ́ amọ̀ náà sórí ìdí ìkòkò àtijọ́ tó dojú dé, á máa fi igi pẹlẹbẹ lù ú títí yóò fi gba ìrísí ìdí ìkòkò náà. Lẹ́yìn náà ló máa ń gbé e nàró, tí yóò máa fi amọ̀ gígùn lé e lórí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ ọrùn, tí yóò fi yọ ẹnu. Kò ní irin iṣẹ́ kankan tí a lè pè ní irin iṣẹ́. Ṣùkù àgbàdo kan, awọ kan, òkúta dídán kan, ó tán.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Tí mo bá dé láti iléèwé, èmi ni mo máa ń lọ kó èèpo ìrúgbá jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe irú. A ó rẹ èèpo náà sínú omi, a ó sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí yóò fi dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Omi yẹn ló ń fún ìkòkò wa ní àwọ̀ dúdú rẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kó máa jò. Tí a bá fi igi gbé ìkòkò jáde nínú iná, tó ṣì pọ́n bí ẹyín iná, a ó ki ìdì ewé bọ inú omi náà, a ó sì wọ́n ọn sí i lára. Ṣààà! Èéfín á bo gbogbo wa mọ́lẹ̀, òórùn kan á sì jáde, tó dà bí òórùn ṣúgà tó jóná àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Tí èéfín bá ká, ìkòkò pupa ti di dúdú lójú wa. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti rí i, síbẹ̀ gbogbo ìgbà ni mo máa ń pàtẹ́wọ́.

Ohun kan wà tí Ìyá kò fẹ́ràn rárá, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kò dájú. Ọjọ́ kan mo sáré wọlé, mo ní, "Ìyá, wọ́n ní ìyàwó tíṣà wa bí ìbejì!"

"O rí wọn?"

"Rárá."

"Ta ló rí wọn?"

"Mi ò mọ̀."

"Lọ wò wọ́n, kí o wá sọ fún mi."

Mo lọ lóòótọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Sátidé tí mo ń sọ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣàn wá sí agboolé wa. Ọkọ̀ wọn kò tíì dúró tí àwọn ọmọ àdúgbò ti yí i ká. Ẹni tó gbé kámẹ́rà ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni olóòtú ètò náà, ọkùnrin tín-ín-rín kan láti ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, tó ki bírò bọ ẹ̀yìn etí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

Ariwo sọ! Ohùn náà ni! Ohùn ọjọ́ Sátidé ló jáde lẹ́nu ọkùnrin tín-ín-rín yìí! Ọmọ kan bú sẹ́kún nítorí ẹ̀rù bà á.

Wọ́n ya àwòrán láti òwúrọ̀ títí di ìrun ọ̀sán. Ìyá tẹ amọ̀ fún wọn, ó lu amọ̀ fún wọn, ó mọ ìkòkò kan láti ìdí dé ẹnu. Nígbà tó kù kí a dáná sí àwọn ìkòkò tó ti gbẹ, olóòtú wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, a ti fẹ́ máa lọ."

"Ẹ lọ síbo? Ó ku iná. Inú iná ni iṣẹ́ wà."

"Wọ́n ń retí ọkọ̀ yìí ní ọ́fíìsì ni, Màmá. Ẹ ṣáà sọ èyí tó kù fún mi, màá kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó sọ fún un: bí a ṣe ń to ìkòkò, bí a ṣe ń kó igi àti koríko lé e, bí a ṣe ń dáná sí i. "Tó bá ti jáde, a ó da omi dúdú sí i lára." Olóòtú ń kọ ọ́ wéréwéré. Ó dúpẹ́, wọ́n sì lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀ wa. Ọwọ́ Ìyá ń yí nínú tẹlifíṣàn, ayọ̀ ti kún inú wa, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì. Ohùn dídùn náà wá sọ pé, "Lẹ́yìn tí wọ́n bá sun ìkòkò tán, wọn yóò fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ó lè máa dán."

Ẹni tó ń ki oríkì dákẹ́.

"Kí ló wí?" Ìyá béèrè. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, kí ló wí?"

"Ó ní... ó ní ọ̀dà la fi ń kùn ún, Ìyá."

"Ọ̀dà? Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Subuhana Lahi!" Ó dìde, ó wé ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì jáde. Àwòrán rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín nínú tẹlifíṣàn nígbà tó kúrò ní pálọ̀.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọjọ́ Ajé la tó mọ̀ pé kì í ṣe kékeré. Àwọn obìnrin agboolé wa tó ru ìkòkò lọ sí Ọjà Tuntun ru gbogbo rẹ̀ padà wálé. Àwọn oníbàárà ń fi èékánná ha ara ìkòkò wò bóyá ọ̀dà á ṣí. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin olóúnjẹ kan tó ń tajà ní Challenge, tó ti ń ra ìsaasùn lọ́wọ́ Ìyá kí wọ́n tó bí mi, wá fúnra rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò sì lè gbójú sókè.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá ọ̀dà wà nínú ọbẹ̀ mi. Mo ti fi ìkòkò yín pamọ́ ná. Ìkòkò irin ni mo ń lò báyìí."

"Ìwọ náà gbà pé ọ̀dà ni?"

"Èmi kọ́, Ìyá. Àmọ́ inú tẹlifíṣàn ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

Nígbà tó lọ, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní kí Ìyá fọkàn balẹ̀, pé láìpẹ́ gbogbo ìlú á gbàgbé. Ìyá mi orí. "Wọn ò ní í gbàgbé. Ṣé o gbọ́ bí ohùn yẹn ṣe dùn tó?" Màmá mi, tó jẹ́ tíṣà, ní òun á bá a kọ lẹ́tà sí wọn. Ìyá ní, "Èmi ló bá sọ̀rọ̀. Èmi náà ni màá bá a sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ẹ ò lọ sí iléèwé lọ́la, àbí?" Ọlidé ni a wà. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ tán.

A wọ mọ́tò dé Challenge, a sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ìyá gbé ìsaasùn dúdú kan lọ́wọ́, ó fi aṣọ wé e. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ilé tẹlifíṣàn béèrè pé, "Màmá, ta lẹ fẹ́ rí?"

"Ohùn."

"Ohùn wo, Màmá?"

"Ohùn ọjọ́ Sátidé. Sọ fún un pé ọlọ́dà dé."

Mo ní láti fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló sáré jáde, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Màmá! Ẹ káàbọ̀! Lẹ́tà ti ń wọlé lórí yín o, gbogbo ènìyàn ló ń yìn yín!"

Ìyá tú aṣọ, ó gbé ìkòkò náà lé e lọ́wọ́. "Ọmọ mi, wá bá mi fi ọ̀dà tó wà lára èyí hàn mí."

Ó yí ìkòkò náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. "Ṣé... ṣé kì í ṣe ọ̀dà ni, Màmá? Ẹ ní omi dúdú."

"Mo ní omi dúdú. Ta ló ní ọ̀dà?"

Olóòtú wé aṣọ náà padà mọ́ ìkòkò. Ó mú wa wọlé. Mi ò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí: yàrá tó tutù bí ìgbà òjò, ẹ̀rọ lórí ẹ̀rọ, wáyà tó nà sílẹ̀ bí ìtàkùn, àti òórùn ike tó gbóná. Ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà wọn, Alhaji kan tó sanra, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ìyá rò fún un bí ọjà wa ṣe dúró láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá náà káàánú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ní, "Màmá, ohun tó ti jáde ti jáde. A ò lè fà á padà."

"N kò ní kí ẹ fà á padà. Mo ní kí ẹ sọ òótọ́ lé e lórí."

"Ó dáa, a ó ka gbólóhùn kan lẹ́yìn ìròyìn."

"Gbólóhùn kan kò tó, Alhaji. Ojú mi ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ojú mi nígbà tí wọ́n bá gbọ́ òótọ́."

Ọ̀gá náà fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ olóòtú ló kọ́kọ́ lanu. "Ọ̀gá, èmi ni mo jẹ̀bi. Wọ́n ní kí n dúró wo iná, mi ò dúró. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mi ò mọ ohun tí omi dúdú jẹ́. Mo fi ọ̀dà sí i látinú orí ara mi. Ẹ jẹ́ kí màmá wá sun ìkòkò nínú ọgbà wa níbí lọ́jọ́ Sátidé, kí a gbé e jáde ní tààràtà."

"Iná? Nínú ọgbà yìí? Tó bá jó ilé ńkọ́?"

"Alhaji," Ìyá ní, "láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń dáná yìí, n kò jó ilé ẹnikẹ́ni rí."

Ọ̀gá wo Ìyá, ó wo olóòtú, ó tún wò mí, bí ẹni pé èmi ni n óò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ fi Ọlọ́run ṣáájú."

Háà, ọ̀sẹ̀ yẹn! Ìyá mọ ìkòkò kéékèèké mẹ́fà, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ ehín ọmọ wò. Èmi se omi ìrúgbá títí ojú mi fi pọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ tẹlifíṣàn wá kó wa, àwa pẹ̀lú ìkòkò, igi, koríko àti kẹ̀ǹgbẹ̀ omi wa. A to ìkòkò sílẹ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, Ìyá sì dáná. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé korobá yanrìn dání yí wa ká. Kámẹ́rà méjì dojú kọ wá.

Bí aago márùn-ún ṣe ń sún mọ́lé ni ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Tí òjò bá kan ìkòkò tó wà nínú iná, fífọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa fọ́. Mo wo ojú Ìyá. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúà ló ń ṣe, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ó ń fi igi gígùn tún koríko tò. Afẹ́fẹ́ fẹ́ iná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnì kan fi ìka kà fún olóòtú: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta. Ohùn dídùn náà bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún yín. Mi ò dúró wò ó kí n tó sọ ọ́. Lónìí, ẹni tó ni iṣẹ́ ló máa fi hàn yín."

Ìyá ki igi bọ iná láti fa ìkòkò àkọ́kọ́ jáde. Pàà! Ó fọ́ sí méjì lójú gbogbo ìlú. Olóòtú fòyà, ó nawọ́ sí ẹni tó gbé kámẹ́rà pé kó yí i sí ibòmíràn. Ìyá ló dá a dúró.

"Má yí i o! Jẹ́ kí wọ́n rí i. Òmíràn máa ń fọ́. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí iná yẹn ló fà á." Ó fi igi ti àfọ́kù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fa èkejì.

Èkejì jáde, ó pọ́n, ó ń tàn. Ìyá ní, "Ewé." Mo na ìdì ewé sí i. Ó ki ewé náà bọ omi, ó wọ́n ọn. Ṣààà! Èéfín gbéra, ó bo Ìyá, ó bo kámẹ́rà. Ìyá tún wọ́n ọn, ó tún wọ́n ọn. Nígbà tí èéfín ká, ìkòkò náà ti dúdú kirikiri, ó ń dán. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé yanrìn dání gbàgbé ara wọn, wọ́n hó yèè!

Ìyá bu omi ìrúgbá tó ti tutù sínú àwo, ó gbé e sókè síwájú kámẹ́rà. "Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ wo ọ̀dà mi." Ó ní "Bisimilahi," ó sì gbé e mu. Ó gbé ìyókù fún olóòtú. "Gbà, ọmọ mi."

Omi ìrúgbá korò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Olóòtú gbé e mu, ojú rẹ̀ sì hunjọ bí aṣọ tí wọ́n fún lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́. Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Olóòtú náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó na makirofóònù sí mi láìsọ tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ wa? Kí ló wà nínú omi yìí?"

Mo sọ̀rọ̀! Mo sọ bí mo ṣe ń kó èèpo, ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti ń kó o, bí a ṣe ń rẹ ẹ́, bí a ṣe ń sè é, mi ò mí láàárín. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nílùú wa?"

Mo wo Ìyá. Kò ràn mí lọ́wọ́. Ó kàn ń wò mí, ojú rẹ̀ rin fún òógùn. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Mi ò sí níbẹ̀."

Wọ́n ní gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣàn ní ìlú náà ló rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ̀, n kò sí ní ilé wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ìyá fi ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún eérú pa mí lórí, ó ní, "O káre," ohun tí kì í sábà sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìkòkò mẹ́rin tó kù jáde láyọ̀. Òjò dé lẹ́yìn tí a ti kó wọn sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì dúró síbẹ̀ tí à ń wò ó, àwa àti olóòtú àti ọ̀gá àgbà.

Ọjọ́ Ajé ni obìnrin olóúnjẹ ti Challenge padà wá, ó ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà agboolé. Àwọn obìnrin wa kó ìkòkò lọ sí Ọjà Tuntun, agbọ̀n òfìfo ni wọ́n gbé padà wálé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú. Olóòtú wọlé, ó mú ìwé dání. Àwọn alágbẹ̀dẹ ló kàn nínú ètò náà, ó ní òun fẹ́ ka ohun tí òun kọ fún Ìyá kó bá òun gbọ́ ọ. Ìyá gbọ́ ọ títí, ó ń fi òkúta dán ìkòkò lọ. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Ó dùn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Èmi kò mọ irin lílù. Lọ kà á fún àwọn tó ni ín."

Ó lọ kà á fún wọn, ibi méjì ni wọ́n sì ti tún un ṣe. Láti ìgbà náà, kò sí iṣẹ́ tó fi hàn tí kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Síbẹ̀ ó ṣì máa ń ya ọ̀dọ̀ Ìyá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Èmi a jókòó láàárín wọn, n óò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa apẹja àti ahunṣọ, ohùn dídùn yẹn àti ìró òkúta Ìyá lára ìkòkò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe.

Ìyá ti kú tipẹ́. Olóòtú náà ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní orí téèpù tí wọ́n fi gba ètò ọjọ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n tún gba ìdíje bọ́ọ̀lù kan sí. Mo lọ wò ó fúnra mi. Òótọ́ ni. Mo jókòó wo bọ́ọ̀lù náà títí ó fi parí, bóyá ọwọ́ Ìyá á yọ níbì kan ní ìparí rẹ̀. Kò yọ.

Èmi náà ti di ẹni tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ báyìí. Lórí fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń wò ó, kò sì gùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé mo ń fi àkókò ṣòfò. Wọ́n ní kí n gbé e jáde ná, tí àṣìṣe bá wà, ẹni tó bá rí i á sọ. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn máa ń gbé ìwé mi, n óò sì jáde lọ kà á fún ẹni tó ni iṣẹ́.

Lóṣù tó kọjá, a ya àwòrán iṣẹ́ obìnrin Fúlàní kan tó ń ṣe wàrà lẹ́yìn àdúgbò Fate. Mo padà lọ bá a pẹ̀lú ohun tí mo kọ, mo jókòó sórí àpótí, mo kà á fún un. Ó ń rò wàrà lọ lórí iná, ó ń mi orí. Ó dá mi dúró lójijì.

"Ìyẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, Àǹtí. Ẹ ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń mú kí mílíìkì dì. Ewé bomubomu ni. N kò lo ọsàn rí."

Ara mi yá gágá. Mo ti dúró síbẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ tí a ń yà á, mo rò pé mo rí gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ mo ti ṣi omi tó dà sí mílíìkì láti inú igbá kékeré kan mú fún omi ọsàn! Mo fa ilà sí ọ̀rọ̀ ọsàn, mo kọ bomubomu, mo ní kó fi ewé náà hàn mí. Ó já a, ó fún oje rẹ̀ funfun lójú mi, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá lórí ewé kan ṣoṣo, ó dáhùn mẹ́sàn-án, ó ní ìkẹwàá, òun kò mọ̀ ọ́n.

Mo tún kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn tí mo parí, ó fi síbí lu ẹnu ìkòkò rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ó ti rí bẹ́ẹ̀ báyìí," ó ní. "Ẹ gbé e jáde."